Àfòpiná tó ń fò lọ́sàn-án: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò láti Ifẹ̀ dé Iléṣà

Ọjọ́ Àìkú

Ẹ̀yìn ìsìn ni mo wọ mọ́tò ní Ìwó Road n'Íbàdàn. Mo ra dòdò Ìkirè lọ́nà, mo sì dé Ilé-Ifẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Oṣù Karùn-ún la wà. Òjò ti rọ̀ débi pé ewéko ti kún etí ọ̀nà, oòrùn sì ṣì ń ráyè yọ láàárín òjò kan sí èkejì. Àsìkò tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Ásípa ni mo dé sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, òun ló sì gbà láti máa bá mi rìn.

Ohun tí mo wá wò rèé. Àfòpiná kan wà tí kì í dúró de alẹ́. Ọ̀sán gangan ló ń fò. Ara rẹ̀ kò ju èékánná ìka kékeré lọ, ìyẹ́ rẹ̀ ń dán ní àwọ̀ wúrà, bàbà tàbí elésè àlùkò, ìwo méjì tó yọ lórí rẹ̀ sì gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹbí Adelidae ni àwọn onímọ̀ kó wọn sí, nǹkan bí irú 300 ni wọ́n sì ti fún lórúkọ káàkiri ayé. Ó pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń kọ nípa tiwọn. Ní 1758 ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ń fún ẹ̀dá lórúkọ, fi orúkọ Charles De Geer, ará Sweden bíi tirẹ̀, sọ èyí tí à ń pè ní Nemophora degeerella lónìí, ó sì fi orúkọ Réaumur ará Faransé sọ èyí tí à ń pè ní Adela reaumurella. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì ṣe lórí kòkòrò. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ní àwọn Nemophora tirẹ̀, ó ní Ceromitia pẹ̀lú, èyí tó pọ̀ jù ní apá gúúsù ilẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí a ń jẹun. Ó ní, “Àfòpiná tí kò wá iná? Kí ló wá ń wá?”

Mo ní oòrùn ni.

Ọjọ́ Ajé

Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ la ti wà létí adágún Ọ̀pá, èyí tí yunifásítì sé ní 1978 kí wọ́n lè máa rí omi lò. Koríko tutù, bàtà wa rin gbingbin. Eṣinṣin nìkan ló ń fò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a máa rìn kiri, ó sì ti na àwọ̀n rẹ̀. Mo ní kó ká a, kí a jókòó. Ẹni tó ń wá labalábá lè máa lé e láti òdòdó dé òdòdó, ṣùgbọ́n akọ àfòpiná yìí ní ibi tó máa ń wá. Ibi tí oòrùn bá ti gba àárín ewé kọjá, tó sì kan ṣóńṣó ẹ̀ka kan, ibẹ̀ ni kí èèyàn ti dúró dè é.

Aago mẹ́wàá kọjá kí oòrùn tó là. Ó kan ẹ̀ka igi kan tó yọ sójú ọ̀nà níwájú wa. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ bá ni àwọn fọ́nrán funfun tín-ín-rín tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wá sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí èèyàn kò rí ohun tó gbé wọn. Ìgbà tí ọ̀kan yí ẹ̀gbẹ́ sí oòrùn ni ara rẹ̀ tó hàn. Ó kọ mànà ní àwọ̀ bàbà, ó tún pòórá.

“Àǹtí, ẹ wòkè! Wọ́n pọ̀!”

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Lókè orí wa, níbi tí ẹ̀ka mìíràn ti pàdé oòrùn, agbo mìíràn tún wà. Wọ́n ń jó. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fò ròkè díẹ̀, ó ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kò kúrò lójú kan, ìwo rẹ̀ méjèèjì nà síwájú. Afẹ́fẹ́ kékeré fẹ́, gbogbo agbo náà sún kúrò, wọ́n tún padà sídìí ṣóńṣó ẹ̀ka yẹn. Nígbà tí ìkùukùu bo oòrùn, kò tó ìṣẹ́jú kan tí gbogbo wọn fi bà lé ewé. Oòrùn yọ, ijó bẹ̀rẹ̀.

Akọ ni àwọn tó ń jó yẹn. Báyìí ni akọ ọ̀pọ̀ nínú ẹbí yìí ṣe ń wá aya: wọn a kó ara wọn jọ síbi kan tí ojú lè rí, abo a fò wọ àárín wọn, akọ kan a mú un, àwọn méjèèjì a sì já bọ́ sínú ewé. Ojú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ní àwọn irú kan, ẹyinjú akọ tóbi ju ti abo lọ dáadáa. Ìwo akọ náà ló máa ń gùn jù, irú mìíràn sì wà tí ìwo akọ rẹ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹ́ iwájú. Ẹ rò ó wò: ẹ̀dá tó tín-ín-rín tó báyìí, tó gbé ohun tó gùn tó báyìí, tó sì ń fò láìkọsẹ̀ láàárín agbo.

Ọ̀kan bà lé ewé tí kò jìnnà sí orúnkún mi. Ó ya ìwo rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, ó mì wọ́n díẹ̀díẹ̀, ó tún kó wọn jọ. Láti ìdí títí dé nǹkan bí ìdajì, ìwo náà dúdú. Láti ibẹ̀ lọ dé orí, ó funfun. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń rí ìwo náà kó tó rí ẹni tó ni ín.

A rí òkú ọ̀kan nínú okùn aláǹtakùn létí ọ̀nà. Mo yọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì fi bébà wé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Òjò àárọ̀ kò dá títí di ìrọ̀lẹ́. Ilé la wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní mákìròsíkóòpù kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, nítorí náà a tú bébà àná sórí tábìlì.

Orí rẹ̀ la kọ́kọ́ wò. Irun tó wà níbẹ̀ gbọ̀n, ó dúró ṣánṣán, ó pọ́n bí ẹni pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹnu rẹ̀ ká rabata sábẹ́ àgbọ̀n. Òun ló máa ń nà wọ inú òdòdó láti fa oje dídùn. Ìwo kan ti ṣẹ́, èkejì pé. A tẹ̀ lé e láti ìdí dé ṣóńṣó lábẹ́ awò, oríkèé lórí oríkèé, títí ó fi tín-ín-rín ju irun orí èèyàn lọ. Ọmọ náà fẹ́ kà wọ́n, ojú sú u kó tó dé àárín.

Ìyẹ́ rẹ̀ ló gba ọ̀sán wa. Lójú lásán, wúrà ni. Lábẹ́ awò, ó di ìpẹ́ kéékèèké tó to lérí ara wọn títí dé eteetí ìyẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà wẹ́wẹ́ lára. Mo fi abẹ́rẹ́ tẹ ìyẹ́ náà sápá kan, wúrà di aró. Mo tẹ̀ ẹ́ padà, ó di elésè àlùkò, ó tún di wúrà. Ẹni tó bá ti dúró ní ọgbà mẹkáníìkì lẹ́yìn òjò, tó rí bí epo mọ́tò ṣe ń yí àwọ̀ lórí omi, ti rí irú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí. Kò sí aró kankan nínú epo yẹn. Pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ púpọ̀ ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà láti òkè rẹ̀ àti láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ méjèèjì a pàdé, àwọ̀ kan a lágbára sí i, òmíràn a pa. Inú ìpẹ́ àfòpiná náà ní pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wúrà rẹ̀ kì í ṣá bí a bá tọ́jú òkú rẹ̀ síbi gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irú rẹ̀ gan-an kò ṣeé fi ojú dárúkọ. Nemophora ni bí ó ti rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara ìbímọ wọn ni àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó ya ọ̀pọ̀ irú àwọn àfòpiná kéékèèké sọ́tọ̀. A fi òkú náà sínú páálí ìṣáná pẹ̀lú òwú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò mú un lọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú

Oòrùn mú láti àárọ̀. A kò tilẹ̀ jìnnà sílé. Ẹ̀yìnkùlé ìyá kan ní Modákẹ́kẹ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ni efínrín ti dàgbà kọjá èjìká mi, tó tan òdòdó. A kúnlẹ̀ kí wọn, a sì ṣàlàyé ohun tí a ń wá. Wọ́n ní kí a máa wo ohun tí a bá fẹ́, kí a má sáà ti ṣẹ́ efínrín àwọn.

Abo la rí níbẹ̀. Abo kì í sábà jó. Orí òdòdó ni èèyàn ti ń bá a. Ìwo tirẹ̀ kúrú ju ti akọ lọ, síbẹ̀ ó gùn ju ìyẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ìdí ìwo náà dé nǹkan bí ìdajì, ìpẹ́ dúdú bò ó dẹ́ńdẹ́, lẹ́yìn náà ó tín-ín-rín, ó sì funfun. Ó ń rìn láti òdòdó kan sí èkejì láìkánjú, ẹnu rẹ̀ nà, ìwo rẹ̀ ń kan ewé tó wà lókè rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn títí tí èémí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Ó dúró lórí ìṣù òdòdó kan. Ó tẹ ìdí rẹ̀ kọdọrọ, ó tì í mọ́ ara òdòdó náà, kò sì mira. Iṣẹ́ ẹyin nìyẹn. Ìdí abo àwọn ẹbí yìí ní ohun mímú kan tó lè gún ara ewéko wọlé, ibẹ̀ ni yóò sì ti fi ẹyin sínú òdòdó tàbí ibi tí èso yóò ti yọ. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin náà yóò kọ́kọ́ jẹun nínú ilé tí ìyá rẹ̀ gún fún un.

Ìyá náà ti dé lẹ́yìn wa. “Ṣé òun wá ni kò jẹ́ kí efínrín mi so dáadáa?”

Mo ní, “Rárá o, Mà. Èso díẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ máa jẹ, àwọn tó kù á hù. Òun náà wà lára àwọn tó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ọ̀kan sí òmíràn.” N kò sọ èyí láti fi tù wọ́n nínú. Ní Amẹ́ríkà, ìbátan àwọn àfòpiná yìí kan wà tó ń gbé ní ara igi yucca: fúnra rẹ̀ ló ń kó ìyẹ̀fun òdòdó jọ, tó ń tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí yóò ti mú èso jáde, kó tó di pé ọmọ rẹ̀ jẹ díẹ̀ nínú èso náà. Yucca kò lè rí èso bí kò bá sí i, òun náà kò lè rí oúnjẹ ọmọ bí kò bá sí yucca.

Ìyá náà tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Wọ́n ní, “Ó mà dára o. Mo sì ti ń kọjá níbí lójoojúmọ́.”

Ọjọ́bọ̀

Mo wọ mọ́tò Iléṣà. Láàárín Òṣú sí ìlú náà, a rí ibi tí àwọn tó ń wa góòlù ti gbẹ́ ilẹ̀ kalẹ̀: kòtò lórí kòtò, omi aláwọ̀ ẹrẹ̀, igi tó ṣubú tí gbòǹgbò rẹ̀ kọ ojú sókè. Àárín yẹn kò gùn, ṣùgbọ́n gbogbo wa dákẹ́ nínú mọ́tò.

Ilé màmá àgbà, ìyá ìyàwó bùrọ̀dá mi, ni mo sùn. Iyán dé kí n tó sọ̀ ẹrù tán. Ìjẹ̀ṣà kò ní jẹ́ kí àlejò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo sọ fún màmá pé àfòpiná ni mo ń wá, wọ́n ní ṣé mo mọ ekùkù. Ọmọ àfòpiná kan ni, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Anaphe venata. Orí igi arère ni wọ́n ti ń jẹ ewé ní agbo, tí wọ́n ń kọ́ ilé olówùú kan ṣoṣo fún gbogbo ara wọn. Àwọn èèyàn a kó wọn, a yan wọ́n, a jẹ wọ́n. Màmá ní àwọn rí i nígbà ọmọdé: ìgbà òjò a dé, ẹni tí ara rẹ̀ le lánàá a dìde láàárọ̀, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, kò ní lè rìn tààrà.

Òótọ́ ni màmá sọ. Láti nǹkan bí 1958 ni àwọn dókítà ti kọ nípa àìsàn yẹn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó mọ orísun rẹ̀. Èròjà kan tó ń jẹ́ thiaminase wà nínú ekùkù, ó ń ba fítámìn B1 jẹ́ nínú ara, yíyan kò sì pa agbára rẹ̀ tán. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní B1 tó tẹ́lẹ̀ ni ó ń bá lójijì. Bí wọ́n bá fún un ní B1, ara rẹ̀ a mókun kíákíá.

Màmá tún wọ yàrá, wọ́n mú ìró sányán jáde. Aṣọ bàbá wọn ni, wọ́n ti tún un ṣe. Mo fi ọwọ́ pa á. Ó le díẹ̀, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí Ọlọ́run ṣe dá a. Òwú tí ọmọ àwọn àfòpiná Anaphe yìí fi kọ́ ilé rẹ̀ nínú igbó ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń ran, tí wọ́n sì ń fi hun sányán, baba aṣọ. Àwọn tó jẹ́ kí a ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti mọ igi tí àfòpiná wọn ń gbé, wọ́n mọ oṣù tó ń hun ilé, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ká a. Mo fẹ́ kí irú ìmọ̀ yẹn tún wà lọ́wọ́ wa, títí kan ti àwọn tí kò fún wa ní aṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì

Oko kòkó lójú ọ̀nà Ìpetu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Ifẹ̀ ní kùtùkùtù. Bàbá olóko, àbúrò màmá, dá wa lóhùn láti abẹ́ igi: “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣọ́ra, ilẹ̀ ń yọ̀.”

Ilẹ̀ ni mo wá wò lónìí. Ìdajì ayé àfòpiná yìí ni àwọn tó ń ya fọ́tò rẹ̀ lórí òdòdó kì í rí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ti dàgbà díẹ̀ nínú òdòdó tàbí èso tí wọ́n yé e sí, yóò já bọ́ sílẹ̀. Yóò fi ẹnu gé ewé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀ pẹ̀lú okùn ẹnu rẹ̀, yóò sì wọ àárín wọn. Ilé àti ẹ̀wù rẹ̀ nìyẹn. Yóò máa gbé e rìn lábẹ́ ewé tó já, yóò máa jẹ ewé, bí ara rẹ̀ bá tóbi yóò gé ewé tuntun mọ́ ọn. Inú rẹ̀ ni yóò ti para dà. Oṣù tí ó ń lò lórí ilẹ̀ pọ̀ ju ọjọ́ tí yóò lò nínú oòrùn lọ.

Bàbá pín oko náà sí méjì lọ́dún tó kọjá. Òkè ọ̀hún, wọ́n fín oògùn koríko sí i. Ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré kan níbi tí igi obì wà, wọn kò tíì kàn án. A bẹ̀rẹ̀ lókè. Mo tú ewé, mo rí ilẹ̀ líle, èèrà díẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀. Ewé kòkó nípọn níbẹ̀, èyí tó wà lókè gbẹ, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí ilẹ̀ tútù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kúùn, ìgbín ọmọdé, kòkòrò funfun tó ń ta pọ́ún. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ ewé obì kan, ẹyọ ewé pẹlẹbẹ tó rí róbótó, tí ó ń rìn.

Mo pe àwọn méjèèjì. Bàbá gan-an tẹ̀ kanlẹ̀. Àpò náà kò gùn tó ìdajì èékánná mi: ewé méjì tó lẹ̀ mọ́ra ní eteetí, pẹlẹbẹ, tó ṣí sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun. Orí kékeré kan tó ń dán yọ síta, ẹsẹ̀ mẹ́fà di ewé mú, ó fa ilé rẹ̀ síwájú, ó dúró, ó tún fà á. Bí mo ṣe fi abẹ́rẹ́ kàn án, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn kòkòrò mìíràn náà ń ru àpò. Àwọn tó ń so rọ̀ lára ẹ̀ka pẹ̀lú ìdì igi wẹ́wẹ́ jẹ́ ẹbí mìíràn. Èyí tó pẹlẹbẹ, tó ń gbé abẹ́ ewé nílẹ̀, ni mo wá.

Bàbá bi mí pé kí ni kí àwọn wá ṣe. Wọ́n kò fi ṣe ẹ̀sùn, wọ́n ń béèrè. Wọ́n ní owó alágbàro ti kọjá ohun tí kòkó ń pa wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ibi góòlù, oògùn sì rọrùn. Wọ́n ní láyé àtijọ́ iná ni, nítorí “Ìjẹ̀ṣà kò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná r'oko.”

N kò lè sọ fún ẹni tó ń fi kòkó jẹun pé kó dá oko sí nítorí àfòpiná. Mo sọ ohun tó kan kòkó. Kantíkantí kéékèèké ni wọ́n ń mú kí òdòdó kòkó di èso. Kòkòrò ńlá kò lè wọ òdòdó yẹn. Inú ewé tó ń rà, inú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹrà àti inú èèpo kòkó ni kantíkantí ti ń pọ̀ sí i. Ibùsùn kan náà ni òun àti ọmọ àfòpiná mi ń sùn. Bí ilẹ̀ bá ti di pákó, òdòdó á yọ lára igi, á sì máa já bọ́ láìsí èso.

Bàbá wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, “Ìsàlẹ̀ yìí náà ló so jù lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé odò ni.”

Ó ṣeé ṣe kí odò náà ní ọwọ́ ńbẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo ní kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láìfín, kí wọ́n ge ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so tán síbẹ̀ kó jẹrà, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn wo bí òdòdó ṣe ń mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bàbá rán ọmọ wọn wá sí gáréèjì láti sọ fún mi pé àwọn kò ní fín ìsàlẹ̀ títí di ìgbà ìkórè, àti pé wọ́n ti fi okùn pààlà rẹ̀ kí alágbàro má baà ṣì í fín. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbé díẹ̀ nínú àwọn àpò náà padà sí Ifẹ̀ nínú ike tí a dá ihò sí, pẹ̀lú ewé obì àti ewé kòkó láti ibi tí a ti rí wọn. Yóò máa wọ́n omi sí i, kò sì ní jẹ́ kí oòrùn kàn án. Ohun tó bá jáde nínú wọn ni yóò lọ pẹ̀lú ti inú páálí ìṣáná.

Ẹni tó bá fẹ́ wá wọn ní agbègbè tirẹ̀: ẹ jáde láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí ọ̀sán, lọ́jọ́ tí oòrùn yọ lẹ́yìn òjò. Ẹ lọ sí etí igbó, oko kòkó àtijọ́, tàbí ìdí efínrín tó ti tan òdòdó. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ya fọ́tò ìwo náà dé ṣóńṣó, ẹ ya fọ́tò òdòdó tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sọ fún wa bóyá ewé ṣì wà níbẹ̀.